Ọmọ Tó Ń Ṣe Ohun Kan Náà Léraléra ní Kíláàsì: Bí Tíṣà Ṣe Lè Mọ Ìdí Rẹ̀, Kó sì Dín In Kù

Ọmọ kan ń ju ọwọ́ méjèèjì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Òmíràn ti ń mì síwá sẹ́yìn láti ìgbà tí agogo ti lù. Ẹ̀kẹta ti bi yín léèrè ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá pé, "Àǹtí, ṣé aago kan la máa lọ sílé?" bẹ́ẹ̀ bréèkì ò tíì tó, ó sì mọ èsì rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹrin ń to ìdérí ìgò sórí dẹ́ẹ̀sìkì. Kí ẹnikẹ́ni ṣèèṣì fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, igbe ti ta nìyẹn. Ìwà àṣetúnṣe là ń pe gbogbo ìwọ̀nyí.

Ohun tí tíṣà gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kó tó ṣe ohunkóhun ni pé iṣẹ́ kan wà tí ìwà náà ń bá ọmọ ṣe. Ó lè máa fi pa ariwo tó wà lórí rẹ̀, ó lè máa fi sá fún ìṣirò, ó lè máa fi pe yín wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí ẹ bá gba ìwà náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ ò fún un ní nǹkan mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn, á wá òmíràn fúnra rẹ̀, èyí tó bá sì wá kì í sàn ju ti àkọ́kọ́. Ọmọ tí wọ́n di lọ́wọ́ mú kó má baà jù ú mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọwọ́ náà jẹ.

Kọ́kọ́ pinnu bóyá ó yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn án rárá

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Ṣé ó ń ṣe ọmọ náà tàbí ẹlòmíràn léṣe? Ṣé kì í jẹ́ kó kẹ́kọ̀ọ́? Ṣé kì í jẹ́ kí àwọn tó jókòó tì í kẹ́kọ̀ọ́? Tó bá jẹ́ pé rárá ni èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí àgbàlagbà tí kò ní tirẹ̀: ẹ wo ọkùnrin tó ń gbọn ẹsẹ̀ nínú dáńfó láti Ọbáléńdé dé Ọ̀jọ́ta, ẹ wo tíṣà fúnra rẹ̀ tó ń tẹ bíírò kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbà tó ń máàkì ìwé. Pé ó ń ti ẹ̀yin lójú níwájú àwọn tó wá bẹ iléèwé wò kì í ṣe ìdí.

Kí ẹ tó pè é ní ìwà, ẹ rí i pé kì í ṣe àìsàn. Ọmọ tí kò fi orí gbá nǹkan rí, tó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, etí tàbí eyín lè máa dùn ún. Èyí tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ tó wá dákẹ́ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí ẹ pè é tí kò gbọ́, tó tún padà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, irú wárápá kan wà tó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ojú tàbí èjìká tó ń fà fúnra rẹ̀ tún yàtọ̀. Ọmọ kì í fi í ṣe nǹkan kan, bíbá a wí sì lè mú un le sí i. Àwọn wọ̀nyí, ilé ìwòsàn ni. Ẹ ní kí òbí kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà.

Nípa ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ: òótọ́ ni pé àṣetúnṣe wà lára ohun tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Ìwé àyẹ̀wò tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 ní ó kéré tán kí oríṣi àṣetúnṣe 2 nínú 4 tó kọ sílẹ̀ hàn lára ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwé náà tún fẹ́ kí ìṣòro wà nínú bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn lò, ìyẹn ni pé àṣetúnṣe nìkan ò tó. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran náà ń mì, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà náà ń bèèrè ohun kan náà, ọmọ tí kò sùn dáadáa náà ń ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà láti sọ orúkọ àìsàn. Tíṣà ló máa kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Kà á

Ẹ mú ìwà kan ṣoṣo, èyí tó ń dí yín lọ́wọ́ jù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni méjì tó ń wo ọmọ náà á jọ rí ohun kan náà. "Ó ń yọ wá lẹ́nu" kò ṣeé kà. "Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kọjá èjìká, ó sì jù wọ́n" ṣeé kà. Ẹ fi kún un pé bí ọwọ́ bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 5, èyí tó bá tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀kan mìíràn ni.

Ẹ yan ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan náà lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 5. Ẹ ò nílò tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ da kóró àgbàdo gbígbẹ 20 sínú àpò òsì. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá ti ṣe é, ẹ mú kóró kan sí àpò ọ̀tún, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ọmọ ò ní mọ̀, ọwọ́ yín ò sì ní kúrò nídìí ṣọ́ọ̀kì. Tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, ẹ ka àpò ọ̀tún.

Ìwà tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tó hàn, bíi mímì síwá sẹ́yìn, kóró àgbàdo ò lè kà á. Fún ìyẹn, ẹ wo aago ara ògiri: nígbàkígbà tí ọwọ́ aago tó ń sáré bá ti dé 12, ẹ gbójú sókè. Tó bá ń ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, ẹ fa ìlà kan. Tí kò bá ṣe é, ẹ fi òdo. Ìwò 30 lẹ máa ní. Tó bá jẹ́ 18 nínú 30, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa ń ba kíkà jẹ́ ni pé ọjọ́ tí ọmọ bá dààmú tíṣà nìkan ni tíṣà máa ń rántí kà. Ọjọ́ tó dákẹ́ ló ní ẹ̀kọ́ nínú jù: kí ló yàtọ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Kí ló ṣáájú, kí ló tẹ̀ lé e?

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ẹ má sáré kọjá rẹ̀. Ẹ fi rúlà la ojú ewé kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Òsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́ẹ́ ṣáájú. Àárín, ohun tí ọmọ ṣe. Ọ̀tún, ohun tí ẹ̀yin tàbí àwọn ọmọ yòókù ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ojú ewé ọjọ́ mẹ́ta ṣe lè rí nìyí:

Ọjọ́ Ajé, 9:10. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò. / Ó fi orí gbá dẹ́ẹ̀sìkì, 4. / Mo ní kó lọ dúró síta.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15. Mo pín iṣẹ́ ìṣirò. / Ó fi orí gbá dẹ́ẹ̀sìkì, 6. / Mo ní kó jáde.
Ọjọ́rú, 11:40. A ń kọrin. / Kò ṣe nǹkan kan.

Ta ló ń kọ́ ọmọ yìí láti máa fi orí gbá dẹ́ẹ̀sìkì? Tíṣà ni. Ọmọ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò, tíṣà sì ń sanwó fún un lójoojúmọ́. Tíṣà rò pé ìyà lòun fi jẹ ẹ́. Ọmọ rí i bí ẹ̀bùn. Ọ̀tún ojú ewé ni irú èyí ti máa ń hàn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe sílẹ̀ láìfi bò.

Iṣẹ́ tí ìwà lè máa ṣe fún ọmọ kò pọ̀. Ó lè jẹ́ ti ara: ó dùn mọ́ ọn, tàbí ó ń pa nǹkan mìíràn tí kò bá a lára mu. Ó lè fi sá fún nǹkan. Ó lè fi wá ojú èèyàn. Ó lè fi gba ohun kan tó fẹ́. Àdánwò kékeré kan wà: bí ọmọ bá ń ṣe é nígbà tó dá wà, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbé iṣẹ́ fún un, ti ara ni. Bó bá kọ́kọ́ gbójú wò yín kó tó ṣe é, ẹ̀yin ló ń pè.

Ẹ yẹ yàrá náà wò pẹ̀lú, nítorí kíláàsì Èkó ní tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ iléèwé tó ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń pe "Yábàá! Yábàá!" lójú títì. Ooru nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ọmọ 50 sì wà nínú yàrá kan. Lébẹ́ẹ̀lì tó ń họ ọmọ lọ́rùn, tàbí yunifọ́ọ̀mù tí sítááṣì ti mú kó le gbagidi. Fáànù tó ń yí lókè orí: ọmọ mìíràn ò ní gbójú kúrò lára rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ bèèrè aago tó jí pẹ̀lú. Ọmọ tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè ti jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, oorun tí kò tó sì máa ń fi kún àṣetúnṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà rò lọ.

Tún ohun tó ń ṣáájú ṣe

Ìyípadà ìjókòó nìkan lè mú nǹkan kúrò. Ẹ mú ọmọ tí ariwo ń dà láàmú kúrò lẹ́bàá fèrèsé ojú títì. Ẹ gbé èyí tó ń wo fáànù síbi tí kò ní rí i. Ẹ mú èyí tó ń fi orí gbá ògiri kúrò lára ògiri.

Ọmọ tó ń bèèrè ohun kan náà tàbí tó ń bú sẹ́kún bí iṣẹ́ bá yí padà ń wá ìdánilójú. Ẹ ṣe àtẹ ọjọ́ fún un. Páálí funfun ni ẹ nílò. Àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú máa ń ní àjákù rẹ̀. Ẹ gé e sí igun mẹ́rin ọgbọọgba, sẹ̀ǹtímítà 10 ní 10. Ẹ ya àwòrán kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwé kíkà, ìṣirò, oúnjẹ, eré, ilé. Márùn-ún ti tó láti bẹ̀rẹ̀; ọmọ tí ẹ bá kó 12 fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní wo ọ̀kankan. Ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e kó má baà fàya, kí ẹ ta okùn kan, kí ẹ sì fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ há wọn mọ́ ọn láti òsì sí ọ̀tún. Tí iṣẹ́ kan bá ti parí, ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó yí káàdì náà dojú dé. Ẹ má ṣe é fún un. Ọwọ́ rẹ̀ tó yí i ló ń sọ fún un pé ó ti parí.

Nígbà tó bá tún bèèrè pé "Ṣé aago kan la máa lọ sílé?", ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ kàn na ìka sí káàdì ilé.

Òjò á rọ̀ lọ́jọ́ kan, kò ní sí eré níta, káàdì eré á sì wà lórí okùn. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo nǹkan máa ń bàjẹ́. Nítorí náà ẹ ṣe káàdì aláwọ̀ pupa kan tó túmọ̀ sí "ó ti yí padà", kí ẹ sì kọ́kọ́ lò ó fún ìyípadà tó dùn: ẹ fi bo ìwé kíkà lọ́jọ́ kan, kí ẹ wá kọrin dípò rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó di pé òjò rọ̀.

Fún un ní ohun tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn

*Tó bá jẹ́ ti ara.* Ẹ fún ara ní iṣẹ́ kó tó bèèrè. Kó gbé ìwé kíláàsì lọ sí ọ́fíìsì, kó nu bọ́ọ̀dù, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri ní ìgbà 10, kó máa kà á sókè. Ìṣẹ́jú 2, ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, ṣáájú àkókò tí ojú ewé yín ti fi hàn pé ìwà náà máa ń dé. Fún ọwọ́ tí kò gbádùn, ègé ànkárá tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lọ́wọ́ télọ̀, tí ẹ ta kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún sí, á wọ àpò, á sì ṣeé máa fọwọ́ tú lábẹ́ dẹ́ẹ̀sìkì. Ọmọ tó ń jẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ fún un ní aṣọ mímọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́. Ìlẹ̀kẹ̀, rọ́bà ìparẹ́ àti ìdérí bíírò, ẹ má dán an wò: wọ́n lè há ọmọ lọ́fun.

*Tó bá ń sá fún iṣẹ́.* Ẹ fún un ní káàdì kan tó ní àwòrán ọmọ tó jókòó jẹ́jẹ́, kí ẹ kọ "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sinmi" sí i. Ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ nà án sí yín nígbà tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀, kì í ṣe nígbà tó ti ń sunkún. Bó bá ti nà án, ẹ gbà á lójú ẹsẹ̀: ìṣẹ́jú 2 lórí aago fóònù, lẹ́yìn náà ó padà sídìí iṣẹ́ kan náà, èyí tí ẹ ti gé kúrú. Bí ìbéèrè bá jẹ́ 10, ẹ fún un ní 3. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bó bá nà án ní ìgbà 12, ẹ gbà á ní ìgbà 12. Mo mọ̀ pé èyí ń bí tíṣà nínú. Àmọ́ tíṣà tó bá sọ pé "Ó ti tó!" lọ́jọ́ kejì ti kọ́ ọmọ pé káàdì kì í ṣiṣẹ́, orí ni ó máa padà sí. Tí ìwà náà bá ti wálẹ̀, ẹ wá fún un ní káàdì mẹ́rin láàárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́ta.

*Tó bá ń wá ojú yín.* Ẹ lọ bá a kó tó pè yín. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 3, ẹ gba ìdí dẹ́ẹ̀sìkì rẹ̀ kọjá, ẹ sọ ohun kan pàtó: "O káre, o ti kọ ìlà méjì." Ẹ sún un sí ìṣẹ́jú 5 lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́yìn náà 10.

*Tó bá ń fi gba nǹkan.* Kọ́ ọ bó ṣe máa tọrọ rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tàbí ní nínawọ́ sí i, kí ẹ sì fún un nígbà tó bá tọrọ bẹ́ẹ̀ nìkan.

Nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́

Ohùn yín á wálẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á dín kù. Ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ má ké "Dákẹ́!" tàbí "Jókòó jẹ́jẹ́!", nítorí kò sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un, ẹ na káàdì tàbí aṣọ oníkókó sí i. Bó bá ń fi orí gbá nǹkan, ẹ fi fóòmù tàbí aṣọ tí ẹ ká sáàárín orí àti dẹ́ẹ̀sìkì, láìsọ̀rọ̀, láìbínú, títí á fi rọ̀. Àtòrì ò wúlò níbí. Ọmọ tí ẹ̀rù ló ń mú un ṣe é, ẹ ti fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù. Ọmọ tó ń wá ojú yín, ẹ ti fún un lójú. Èyí tó ń sá fún ìṣirò, ìṣirò ti dúró nígbà tí ẹ ń nà án.

Àwọn ọmọ yòókù á fẹ́ sín in jẹ. Gbólóhùn kan tó fún wọn: "Bí ara rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ nìyẹn. Ó kù ìlà mélòó, Tọ́pẹ́?" Lẹ́yìn náà, ẹ máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ohun kan tó máa ń mú tíṣà sọ̀rètí nù: bí ẹ bá dẹ́kun sísan owó fún ìwà kan, ó lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ọmọ tó ń ṣe é ní ìgbà 12 lè ṣe é ní 20 lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ó ń ti ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí fún un tẹ́lẹ̀ ni, ó sì ń fi agbára kún un. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, 20 ló máa fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ìwà tó ń ṣe ọmọ léṣe nìkan lẹ ò gbọdọ̀ máa wò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn, ẹ dáàbò bo ara rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì tètè pe ẹni tó mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún kó kóró àgbàdo sápò, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan náà, ọjọ́ 5. Láti 12 sí 5, iṣẹ́ ti ṣe. Ẹ má lépa òdo; ẹ fún un ní àyè àti àkókò tó lè ṣe é fàlàlà, bíi bréèkì. Tí ọ̀sẹ̀ kẹta bá pé tí kò wálẹ̀ rárá, kì í ṣe agídí ọmọ: iṣẹ́ tí ẹ rò pé ìwà náà ń ṣe kọ́ ló ń ṣe. Ẹ padà sídìí ojú ewé ọ̀nà mẹ́ta.

Òbí àti iléèwé

Ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu géètì, níbi tí àwọn ìyá mìíràn ti ń gbọ́. Ẹ pe ìyá ọmọ sínú kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ẹ gbé ojú ewé síwájú rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ohun tí mo rí láàárín ọjọ́ márùn-ún nìyí. Ṣé ẹ máa ń rí i nílé? Aago mélòó ló ń sùn?" Bí ìyá bá sọ pé wọ́n ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni, ẹ má bá a jà, ẹ má sì fi rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká tún fi ti dókítà kún un," kí ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn sórí ìwé fún un.

Bí iléèwé bá fẹ́ lé ọmọ nítorí àìlera rẹ̀, òfin wà nílẹ̀: Èkó ní òfin àwọn ẹni àkànṣe, ìyẹn àwọn tó ní àìlera, láti 2011, òun ló dá LASODA sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tí òbí lè gbé ẹjọ́ lọ bá.

Nígbà tí ọmọ bá ń kọjá sí kíláàsì tuntun ní oṣù kẹsàn-án, ẹ kó àtẹ, káàdì ìsinmi, aṣọ oníkókó àti ojú ewé yín sínú àpòòwé kan fún tíṣà tó kàn. Ẹ kọ sára rẹ̀ ohun tó ń ṣáájú, ohun tó ṣiṣẹ́, àti ohun tí ẹ dán wò tí kò ṣiṣẹ́.